Àpò Tí Kò Rì

Àwọn àgbà ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Ẹni tí a rán ní ọ̀rọ̀ líle la sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé kó fi ọgbọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìránṣẹ́ kò pin sí ẹnu. Kó tó gbéra ló ti yẹ kó mọ ohun tí yóò ṣe bí ọ̀nà bá dí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1780, tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun òmìnira, wọ́n rán Henry Laurens sí ilẹ̀ Netherlands kó lọ yá owó wá. Kì í ṣe èèyàn kékeré. Ó ti ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ tó ń darí ogun náà rí. Ọkọ̀ Mercury ló wọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Vestal lé wọn bá nítòsí Newfoundland.

Àṣà àwọn tó ń gbé ìwé àṣírí gba orí òkun lásìkò ogun ni pé, bí ọ̀tá bá ti fẹ́ ká wọn mọ́, omi ni wọ́n ń fi ìwé náà fún. Laurens mú àwọn ìwé tó kà sí pàtàkì kúrò nílẹ̀. Ó wá ku àpótí kan tó rò pé ìwé inú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Akọ̀wé rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ju ìyẹn náà nù. Wọ́n kó wọn sínú àpò, wọ́n fi ọta ìbọn sí i kó lè wúwo, wọ́n jù ú sómi. Àpò léfòó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìkọ́ fà á sókè.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Májẹ̀mú kan láàárín Amẹ́ríkà àti Netherlands, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní 1778 ṣùgbọ́n tí ìjọba kankan kò tíì fọwọ́ sí. Inú ti ń bí Gẹ̀ẹ́sì sí Netherlands tẹ́lẹ̀ nítorí òwò tí wọ́n ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe; ìwé yìí ni wọ́n rí dì mú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1780, Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Netherlands. Laurens lo ọdún kan àti oṣù mélòó kan lẹ́wọ̀n nínú Tower of London.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹrú àti ọmọ inú òwe yẹn. Òwò ẹrú ló sọ Laurens di olówó ní ìlú Charleston, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń tà. Lójú ayé ìgbà náà, òun ni ọmọ, àwọn tó ń tà ni ẹrú. Òwe wa kò fi ìbí wọn ọmọ. Ọgbọ́n ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ ni ẹni tó ti so òkúta mọ́ àpò kó tó kúrò ní èbúté, tí kò sì pe ìwé kankan ní yẹpẹrẹ.

Lónìí, inú fóònù la ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri. A ń ṣọ́ èyí tó tóbi, a ń fi èyí tí a pè ní kékeré ránṣẹ́ káàkiri. Bí a bá pa á rẹ́, a gbà pé ó ti rì. Kí a tó gba iṣẹ́ àṣírí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé: bí ọ̀nà bá dí, kí ni mo ní lọ́wọ́ tí yóò ri àpò yìí?