Gbèsè Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Àti Owó Ìfẹ̀yìntì Yín

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń gbé ní Onírèké tàbí Challenge lè máa rò pé òun kò yá ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lówó rí. Ó ṣeé ṣe kó ti yá wọn láìmọ̀. Láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 ti dé, owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó owó ìfẹ̀yìntì, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún bọ́ńdì àwọn ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, bí a ṣe ń ka gbèsè nínú ìwé ìṣirò owó kan olúkúlùkù yín.

Ìwé gbèsè ni bọ́ńdì. Ilé-iṣẹ́ gba owó, ó ṣèlérí èlé, ó sì dá ọjọ́ tí yóò dá orí owó padà. Àwọn baba wa mọ ohun tó jọ ọ́. Láyé ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Kò dín orí owó kù rárá. (Ọpẹ́ ni pé ìwé ni a fi ń dúró báyìí, kì í ṣe ọmọ ènìyàn.) Ní 2020, Dangote Cement, tó ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ìbèsè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ta bọ́ńdì 100 bílíọ̀nù náírà fún ọdún 5, pẹ̀lú èlé ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé bílíọ̀nù 12.5 lọ́dún nìyẹn, orí owó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ olùkàwé kì í kíyè sí. Ìlànà ìṣirò ya gbèsè tí yóò pé láàrin oṣù 12 sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì jìnnà. Bọ́ńdì tó máa pé ní 2025 gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí ìsọ̀rí gbèsè kùkúrú nínú ìwé ìṣirò ìparí 2024. Iye rẹ̀ kò lé, kò dín. Ìbéèrè tó kàn ni bóyá owó tó ń wọlé lè san án.

Irú owó wo ni a jẹ ní gbèsè? Níbí gan-an ni MTN Nigeria ti jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Ní 2021, ó ta bọ́ńdì 110 bílíọ̀nù náírà, èlé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, tí yóò pé ní 2028. Náírà ni, kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn gbèsè mìíràn tó so mọ́ dọ́là, pàápàá owó ìyálò àwọn másìtì. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní ìparí 2022 ti lé ní 900 ní ìparí 2023. Àdánù orí pàṣípààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 740 bílíọ̀nù náírà lọ́dún náà. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń jèrè fi nǹkan bíi 137 bílíọ̀nù pàdánù, gbèsè rẹ̀ sì ju ohun-ìní rẹ̀ lọ. Ẹni tó wo bọ́ńdì nìkan kò lè rí èyí tẹ́lẹ̀. Ní 2024, wọ́n tún àdéhùn másìtì ṣe pẹ̀lú IHS kí ọwọ́ dọ́là lè dín kù nínú rẹ̀. Ní 2025, èrè padà dé.

Iye orí ìwé kì í sì í ṣe iye ọjà. Òṣùwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2021. Ó di 27.5 ní Oṣù Kọkànlá 2024. Ta ni yóò wá ra bọ́ńdì oníèlé ìdá 13 ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ tà á? Ẹni tó bá fẹ́ tà á kí ó tó pé yóò ní láti dín owó rẹ̀.

Bọ́ńdì ìfowópamọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí 5,000 náírà ti tó láti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí. Ìjọba ló dúró fún un. Ní ti ilé-iṣẹ́, ìwé ìṣirò wọn wà lórí ìkànnì ọjà ìdókòòwò Nàìjíríà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má dúró sí ojú ewé èrè. Ẹ ṣí i dé ibi àlàyé gbèsè, níbi tí wọ́n ti kọ irú owó, èlé àti ọjọ́ ìsanpadà. Ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ alábòójútó owó ìfẹ̀yìntì yín iye owó yín tó wà nínú bọ́ńdì ilé-iṣẹ́.