Fèrè Coltrane Dún Nílé Ọmọ Àjídò

Ọmọ télọ̀ ni John Coltrane. Ìlú Hamlet, ní North Carolina l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí bàbá tó bí ìyá rẹ̀ náà sì kú láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Fèrè lọmọ náà wá rọ̀ mọ́.

Lọ́dún 1955, Miles Davis, gbajúmọ̀ onífèrè, mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló wà o, àmọ́ oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní heroin ti mú un lẹ́rú. Á máa tòògbé lórí ìdúró níwájú èrò! Nígbà tó di 1957, Davis lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ ò ní bá Davis wí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jọni lójú. Ilé ìyá rẹ̀ ní Philadelphia ló gbà lọ, wọ́n ní ó tira rẹ̀ mọ́ yàrá, omi ló ń mu, títí tí oògùn fi kúrò lára rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ló ṣe àwo "Blue Train", Davis sì tún gbà á padà. Láti ìgbà náà, fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bí oorun bá gbé e lọ tòun tòun. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1964, ó fi ọjọ́ kan ṣoṣo gba "A Love Supreme" sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sára páálí àwo náà pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló jí òun lọ́dún 1957.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, Babátúndé Ọlátúnjí onílù, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Coltrane ti fi "Tunji" sọ orin kan lọ́dún 1962, ó sì wà lára àwọn tó fowó ràn án lọ́wọ́ nígbà tó dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, 1967, ó wá fọn fèrè níbẹ̀. "Ogunde" lorúkọ ọ̀kan nínú orin méjì tó wà nínú àwo ọjọ́ náà. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á kò fẹ́ẹ̀ lè gbé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa mọ̀ pé aláìsàn ló ń fọn ọ́n.

Àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún náà ló kú, lẹ́ni 40 ọdún. Ọdún 2001 ni àwo ilé Ọlátúnjí tó dé ọjà.