Igba Ojú ní Loganville

Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké: kí ọmọ lọ síbẹ̀, kí ilé lè rójú sinmi. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá akàndá ọmọ bóyá ilé tirẹ̀ sinmi rí.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní Loganville, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà US 78, ní ìlà-oòrùn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Ká sọ pé nọ́ọ̀sì ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti lé ní ọdún méjì, kò tíì pe "màmá" rí. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Bí bàtà bá wà lẹ́nu ọ̀nà, á tò wọ́n ní méjì-méjì. Ẹni tó bá ṣí ọ̀kan nípò, igbe dé nìyẹn. Ilé ìtọ́jú ọmọ àkọ́kọ́ ní kò sáyè. Èkejì gbà á, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pe ìyá níbi iṣẹ́ pé kó wá gbé ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà ń tù ú nínú lórí fóònù láti Ìbàdàn: "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó."

Òwe yẹn dùn ní agboolé. Bí ọmọ bá yọ́ jáde sí títì, ìyá alákàrà ni yóò kọ́kọ́ kígbe, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ní Loganville, ìṣirò náà dojú dé. Òfin Georgia gba olùtọ́jú kan láàyè láti máa mójú tó ọmọ ọlọ́dún méjì 10. Bí wọ́n bá pé ọdún mẹ́ta, wọ́n di 15. Ojú méjì fún ọmọ 10! Èwo nínú ojú náà ni yóò ṣẹ́ kù fún ẹni tó ń to bàtà ní kọ̀rọ̀?

Síbẹ̀, igba ojú wà níbẹ̀. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n wà, wọn kì í sì í wo ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn wọ́n.

Ọ̀kan ni Babies Can't Wait, ètò ìjọba Georgia fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Òbí fúnra rẹ̀ lè pè wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò. Láti ọjọ́ tí orúkọ ọmọ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ 45 ni òfin fún wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì bá òbí jókòó kọ ètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ bó bá tọ́ sí i. Èyí tó ládùn jù níbẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ bá ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ ni òfin fẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ bá a. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ lè wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìtọ́jú ọmọ gan-an, kó fi han olùtọ́jú bí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ṣe lè na àwòrán ife síni láti tọrọ omi. Ojú méjì ti di mẹ́rin.

ADA, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn akàndá, náà ń wò. Ọjọ́ 26 oṣù Keje 1990 ni Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lù ú. Ilé ìtọ́jú ọmọ aládàáni kò gbọdọ̀ lé ọmọ nítorí pé ó jẹ́ akàndá, àfi tí gbígbà á bá máa fi àwọn yòókù sínú ewu gidi tàbí tó bá máa yí iṣẹ́ wọn padà láti ìpìlẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ bù lé owó ọmọ náà nítorí ìtọ́jú tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún un, wọn ò sì gbọdọ̀ fi owó madámidófò ṣe àwáwí.

Àyọkúrò kan wà tó yẹ kí àwọn Yorùbá agbègbè náà gbọ́ dáadáa: ilé ìtọ́jú ọmọ tí ilé ìsìn fúnra rẹ̀ ń darí kò sí lábẹ́ òfin ADA yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá kọ́kọ́ ń sá lọ, nítorí pé àwọn tiwa ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ pé rárá kí ADA má rí wọn mú. Àwọn kan ń gba ọmọ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Òwe náà kò kúkú sọ pé igba ẹnu. Ẹnu ló pọ̀ jù: ti ẹni tó ní ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, ti ẹni tó ní ẹ gbé e lọ sí òkè àdúrà, ti ẹni tó ń béèrè ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún. Ẹ̀rù irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí òbí fi àlàfo sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti béèrè ìlera ọmọ. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì mọ́: nínú ìwádìí tí CDC, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2025, ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ kan nínú 31 ló ní ọ́tísíìmù (autism), ipò tí irú àmì ọmọ tó ń to bàtà yìí lè jẹ́ tirẹ̀; Georgia sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Ilé ìtọ́jú ọmọ kò lè ṣètò fún ohun tí wọn kò mọ̀. Olùtọ́jú tí wọn ò sọ fún yóò pe etí dídì ní oríkunkun.

Ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta, ọwọ́ Babies Can't Wait kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àdúgbò ló kàn. Loganville sì jókòó lórí ààlà kántì méjì, Walton àti Gwinnett; àdírẹ́sì ilé ló ń sọ ọ́fíìsì tí òbí yóò lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀ kò ní àyè àti sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. 1-877-255-4254 ni nọ́ńbà tí ìjọba Georgia fi sílẹ̀ fún òbí tó ń wá ilé ìtọ́jú ọmọ. Kí ó pè é, kí ó sì sọ ipò ọmọ rẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́.