Páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló ń tún ọkọ̀ ṣe

Lọ́dún 2012 ni Porsche ṣí ilé ìtajà sí Victoria Island, l'Ékòó. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ asáré bẹ́ẹ̀ l'Ájàó Estate yóò kọjá lára mẹkáníìkì àdúgbò rẹ̀, yóò sì kówó ńlá lọ síbẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ọ́ọ̀lì tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, bíi A40, ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Porsche ń lò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n páálí kì í tú nọ́ọ̀tì, ọmọ iṣẹ́ ló ń tú u, ọlọ́kọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ọlọ́kọ̀ kọ iye kìlómítà sílẹ̀ kó tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kó gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́, kó sì béèrè páàtì tí wọ́n yọ. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 fún un ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, òfin yẹn kò yọ yín sílẹ̀. Ẹ̀rọ Jámánì lè wọ́n, ìwé àti bírò kò wọ́n. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ dá páàtì àtijọ́ padà. Oníbàárà tó bá rí ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, yóò padà wá.