Ìkìlọ̀ Omíyalé Kò Gbọdọ̀ Dúró Sórí Èdè Faransé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Sakété àti Pobè, bóyá ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé ní Ladji tàbí Vossa, ní etí ọ̀sà Nokoué ní Kútọnu. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni a sì kọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ. Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó gbé wọn débẹ̀. Ibi tí agbára wọn ká nìyẹn.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ níbẹ̀. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí i pé ojú ọ̀run mọ́, wọ́n á sì sùn. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń wọ yàrá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá kì í ṣe ti òjò Kútọnu nìkan. Odò Ouémé ti ìhà àríwá, ní agbègbè Djougou, ṣàn wá. Ó rin nǹkan bí kìlómítà 500 kí ó tó wọ Nokoué. Òjò tí ó rọ̀ lọ́hùn-ún ń gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́nà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọn gíga odò náà ní Bonou kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjì kì í fún ènìyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2010, omíyalé kan kọ́múùnù 55 nínú 77 tí ó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ó dé bá ènìyàn tí ó tó 680 000, ẹ̀mí 46 sì bọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé ètò ìkìlọ̀ ṣáájú kalẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó dára. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi ń kọ ìkìlọ̀ náà, a sì ń fi àwọ̀ sọ bí ewu ti tó. Ìyá tí ń yan ẹja, tí ó gbọ́ « alerte orange », kí ni kí ó ṣe? Kí ó ra ọsàn?

Èrò wa ni pé kí a kọ ìkìlọ̀ ní Fọ̀n, ní Tọ̀fìn, ní Yorùbá, kí ó sì sọ ọjọ́ tí omi yóò dé, àdúgbò tí yóò dé, àti ibi tí a ó sá sí. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ìkìlọ̀, wọn kò kúrò, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù olè. Bí a kò bá ṣí kíláàsì sílẹ̀ fún wọn, tí a kò sì fi ọlọ́dẹ ṣọ́ àdúgbò, wọn yóò jókòó ti ẹrù wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ pe ọmọ yín ní Vossa lálẹ́ òní. Ẹ bi í ní ibi tí yóò kó àwọn ọmọ àti ìwé ìbí wọn lọ bí omi bá dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.