Iléèwé Tí Gbogbo Ọmọ Jọ Ń Lọ: Kí Ni Kí Òbí Yàn?

Bí sáà tuntun bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan a máa jáde láàárín tọkọtaya ní Òṣogbo àti Iléṣà: ṣé iléèwé ìjọba ni ọmọ yóò lọ, níbi tí ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ti ń jókòó pọ̀, àbí iléèwé aládàáni tí ìjọ dá sílẹ̀? Ìpinnu náà kò rọrùn, nítorí pé owó, ẹ̀kọ́ àti ìgbàgbọ́ ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn. Àwọn ìjọ, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti ará ìlú ni ó dá púpọ̀ nínú àwọn iléèwé wa sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934. Nígbà tí ìjọba gba àwọn iléèwé ìjọ ní àwọn ọdún 1970, orúkọ ìjọ kò kúrò lára pátákó, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń san owó oṣù olùkọ́, òun ni ó sì ń ṣòfin.

Láti inú èyí ni aáwọ̀ ti wá. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń da àwọn iléèwé pọ̀, ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2016, Adájọ́ Jídé Fálọ́lá ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo ìjáàbù ní iléèwé ìjọba. Láìpẹ́, àwọn ọmọ Kristẹni kan wọ aṣọ akọrin lọ sí Baptist High School ní Ìwó. Ní ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá yí púpọ̀ nínú ètò náà padà. Ní ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìjáàbù nínú ẹjọ́ ti Èkó.

Ẹ̀kọ́ kan hàn níbẹ̀: àwọn àgbà ni ó jà, àwọn ọmọ ni ó pàdánù àkókò ẹ̀kọ́.

Kí ni àǹfààní iléèwé àjùmọ̀lọ? Owó rẹ̀ kò wúwo. Ọmọ a sì mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn gbé, nítorí nílẹ̀ wa, Kristẹni àti Mùsùlùmí a máa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ewu rẹ̀ ńkọ́? Kíláàsì a máa kún àkúnya, olùkọ́ kì í sì í ráyè ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ti ìgbàgbọ́, Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 38, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀.

Iléèwé ìjọ ní ìtọ́sọ́nà àti àbójútó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lọ, àní àwọn tí owó ọrẹ wọn wà nínú ohun tí a fi kọ́ ọ.

Nítorí náà, kí òbí tó yàn, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé iléèwé náà, kí ó ka iye ọmọ inú kíláàsì, kí ó bèèrè olùkọ́ ìṣirò. Kí ẹ̀yin àlùfáà náà má sì gbàgbé àwọn ọmọ tí ó wà ní iléèwé ìjọba. Wọ́n pọ̀ nínú ìjọ. Ẹ̀kọ́ àfikún ní ọ̀sán Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìjọ, fún ọmọ wa àti ọmọ aládùúgbò, yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju ìjà lórí aṣọ lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.