Òdo Lọ́nà Ohunkóhun
Wọ́n ní físíìsì kò ṣeé fi Yorùbá kọ́. A kò gbà. Ẹ wo púlì tó ń bá korobá kọnkéré gòkè níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ketu. Newton ní ipá tó ṣẹ́kù lórí nǹkan jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́nà ìyárasí rẹ̀. Bí a bá ka ìwọ̀n púlì sí òdo, òdo lọ́nà ohunkóhun, òdo ni. Ipá òkè àti ti ìsàlẹ̀ pa ara wọn rẹ́, síbẹ̀ púlì lè máa yára sí i. Okùn àti ẹrù ló ń pinnu eré rẹ̀.

Èwo ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀? Láti 1970 ni ètò Fáfúnwá ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin olùkọ́ Kosofe, ó kù sọ́wọ́ yín.